Kéèkì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Nínú Ìkòkò Oníyanrìn: Ìdí Tí Ìwọ̀n Kékeré Fi Dára Jù

Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò dé Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, àwọn àgbẹ̀ a máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí àárín kòkó tí kò tíì dàgbà, kí ewé rẹ̀ lè ṣíji bò ó. Nítorí náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bá pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà kì í sábà rà á tán. Èèpo rẹ̀ yóò dúdú, oníbàárà yóò kọ̀ ọ́, ewúrẹ́ ni yóò sì jẹ èyí tí ó kù.

Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí inú rẹ̀ kò tíì kan, ni ó dára jù lọ fún kéèkì. Bí ó ti ń pọ́n ni èròjà tí ó mú un le nígbà tí ó wà ní tútù ń yí padà di adùn. Nípa bẹ́ẹ̀, ṣúgà tí a óò fi sí i kò ní pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé rò pé ẹni tí kò ní ààrò bíi ti àwọn aṣebúrẹ́dì kò lè ṣe kéèkì. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìkòkò irin tí ó nípọn, tí ìdérí rẹ̀ bò ó dáadáa, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Kí a da iyanrìn gbígbẹ tí a ti fọ̀ mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, kí a dojú àwo irin kékeré kan dé orí iyanrìn náà, kí a dé ìkòkò, kí a sì gbé e ka iná èédú fún bí ìṣẹ́jú 15. Iyanrìn kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Òun ni kì í jẹ́ kí ìdí kéèkì jóná kí àárín rẹ̀ tó jinná.

Fún páànù kékeré kan, ohun tí a nílò nìyí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 2, ẹyin 1, ìyẹ̀fun agolo mílíìkì kan àti ààbọ̀, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 4, bọ́tà ṣíbí ìjẹun 4, bákìn páúdà ṣíbí tíì 1, àti iyọ̀ díẹ̀. Kí a po ṣúgà àti bọ́tà títí yóò fi funfun, kí a fi ẹyin sí i, lẹ́yìn náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti gún. Ìyẹ̀fun, iyọ̀ àti bákìn páúdà, tí a ti jọ kù pọ̀, ni yóò wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Kí a má pò ó pẹ́ mọ́, kí kéèkì má bàa le. Kí a fi bọ́tà pa inú páànù, kí a dà á sí i, kí a gbé e lé orí àwo inú ìkòkò, kí a dé e, kí a sì kó ẹ̀yinná díẹ̀ lé ìdérí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 35 sí 45, kí a fi igi ìgbálẹ̀ kan tí ó mọ́ gún àárín rẹ̀. Bí ó bá jáde ní gbígbẹ, kéèkì ti jinná.

Kí ni ìdí tí a kò fi ní po ti páànù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà? Ìdí mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkínní, gbàrà tí bákìn páúdà bá ti kan omi ni ó ń tú afẹ́fẹ́ tí ń mú kéèkì wú jáde. Ìkòkò kan kò sì gbà ju páànù kan lọ; èyí tí ó ń dúró de ìkòkò yóò pàdánù afẹ́fẹ́ rẹ̀, yóò sì pẹlẹbẹ. Èkejì, kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní omi lára; bí ọjọ́ bá móoru, ó lè bu láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí iná bá pọ̀ jù, ẹyin kan ni ó ṣòfò, kì í ṣe mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun náà ṣe pàtàkì. Púpọ̀ nínú àlìkámà tí Nàìjíríà ń lò ni ó ń ti òkèèrè wá. Ní ọdún 1987 ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó o wọlé, títí di 1992. Ní 2005 ìjọba tún pàṣẹ pé kí a máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá 10 nínú 100 mọ́ ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Búrẹ́dì nílò fífà tí ó wà nínú àlìkámà kí ó tó lè wú; kéèkì kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a lè fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́rin. Kì í ṣe láfún, nítorí kíkan rẹ̀ yóò ba adùn jẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí a bó, tí a rin, tí a fún omi rẹ̀ dànù pátápátá, tí a sì tètè sá gbẹ kí a tó lọ̀ ọ́, ni ó yẹ.

Ìta gbangba ni kí a ti dáná yìí, nítorí èéfín èédú nínú yàrá tí a tì lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà á, kí ó kọ iye owó gbogbo èròjà àti èédú sílẹ̀ kí ó tó dá iye lé e. Bí páànù kan bá tà tán, kí ó ṣe òmíràn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.