Ilé Tí Àwọn Agbẹ́kùúta Fi Owó Ṣíà Kọ́

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé ló wù mí kí n bá yín sọ, ilé tí àwọn alájẹṣẹ́kù bíi tiwa kọ́ ní Edinburgh, olú-ìlú Skọ́tláńdì, láyé Ọbabìnrin Victoria.

Ní 1861, àwọn agbẹ́kùúta ìlú náà ní wákàtí 9 làwọn fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Àwọn ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn ibi iṣẹ́ mọ́ wọn síta. Ẹ wò ó ná: níbo ni àwọn tó ń kọ́lé fún olówó ń sùn nígbà náà? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wà nínú ilé gogoro àtijọ́, ìdílé rẹpẹtẹ a há síbẹ̀, gbogbo wọn a máa gba àtẹ̀gùn kan náà tó ṣókùnkùn. Lóṣù November ọdún yẹn, ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ wó lóru ní High Street. Ènìyàn 35 ló kú.

Kó tó wó ni agbẹ́kùúta méje ti dá Edinburgh Co-operative Building Company sílẹ̀. Ṣíà kan, pọ́n-ún kan. Lóṣù October 1861 wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní Stockbridge, létí odò Water of Leith.

Ọgbọ́n tó wà nínú ilé náà ló dùn mọ́ mi jù. Ilé òkúta alókè ni, ó lẹ̀ mọ́ra láti orí òpópónà dé ìdí rẹ̀. Ògiri tèmi ni ògiri aládùúgbò mi. Èyí dín owó àti òkúta kù, ilé kì í sì í tètè tutù. Ṣùgbọ́n ìdílé méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Báwo ni wọn ò ṣe ní máa jà lójú àtẹ̀gùn? Wọ́n gbé àtẹ̀gùn síta! Ẹni ìsàlẹ̀ ń gba apá kan wọlé, ẹni òkè ń gba apá kejì, lórí àtẹ̀gùn òkúta tó wà ní gbangba. Iwájú ẹnìkan ni ẹ̀yìn ẹnìkejì. Oníkálukú ló ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀ àti ọgbà kékeré tirẹ̀. Kò sí pé ta ló yẹ kó gbálẹ̀ lónìí, ta ló da omi síbí. (Ẹni tó bá ti háyà yàrá rí á mọ ohun tí mò ń wí.)

Wọ́n gbẹ́ àwòrán irinṣẹ́ wọn sára ògiri ìparí ilé, wọ́n sì fi orúkọ Hugh Miller, agbẹ́kùúta tó di òǹkọ̀wé, pe òpópónà kan.

Àwọn ilé àkọ́kọ́ ń lọ ní bíi pọ́n-ún 100 sí 130. Ẹni tó rà á a fi díẹ̀ sílẹ̀, a sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní tan yín o: oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń gba owó gidi ló lè san án, kì í ṣe alágbàṣe. Ẹgbẹ́ náà kọ́ ilé tó ju 2,000 lọ káàkiri ìlú. Àwọn ti Stockbridge ṣì dúró digbí, òfin sì ń dáàbò bò wọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹni tó ni ín lè tà á fún ẹni tó bá wù ú ní iye tí ọjà bá pè, ilé tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́ ti di ilé olówó.