Ẹ Sọ Iye Tó Máa Ná Wa Gan-an Kó Tó Di Pé A Wọlé

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi rí i pé òun ti wọlé sí yunifásítì, ṣe ni màmá wa ń jó káàkiri pálọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn ará àdúgbò sì ń sọ fún un pé, "Ẹ ò níṣòro, ọ̀fẹ́ ni."

Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Òótọ́ ni pé yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́. Àmọ́ owó míì pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ní ká san owó acceptance. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, owó àyẹ̀wò ara dé. Lẹ́yìn náà ni owó ìforúkọsílẹ̀, owó faculty, owó department, owó ìwé. Nígbà tó kan hostel, wọ́n ní ó ti kún. La bá lọ wá yàrá níta: owó ilé ọdún kan, owó agent, owó agreement. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ẹ̀ tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á wọlé. Ká tó parí ẹ̀, àjọ tí màmá mi kó láti fi ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù ti bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ NELFUND náà ńkọ́? Látìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti buwọ́ lu òfin ẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ òbí ló ń pè é ní "owó ìjọba", bíi pé ẹ̀bùn ni. Ẹ̀yáwó ni o! Lóòótọ́, kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì béèrè fún owó ìjẹun lè gba ₦20,000 lóṣù. Àmọ́ tó bá ti pé ọdún méjì tó parí àgùnbánirọ̀, tó sì ti ríṣẹ́, ìdá mẹ́wàá owó oṣù ẹ̀ ni wọ́n á máa yọ. Ó yẹ kí ọmọ àti òbí jọ mọ èyí kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì lórí fóònù.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò le. Kí ilé-ẹ̀kọ́ fi ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà ìgbàwọlé, ṣáájú owó acceptance. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: owó tá a máa san lẹ́ẹ̀kan péré, èyí tá a máa san lọ́dọọdún, iye tí yàrá àti oúnjẹ máa ń náni níta, àti ìrànwọ́ tó wà. Kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bùn àti èyí tó jẹ́ gbèsè. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Kí ìwé yẹn tó dé, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ wá ẹni tó wà ní 200 level níbẹ̀, ẹ bi í ní gbogbo owó tó san, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó ti àwọn òbí yín kẹ́ ẹ jọ ṣírò ẹ̀.

Mo bi màmá mi bóyá ká ní ó mọ̀ ni, ṣé ì bá ní kí àbúrò mi má lọ. Ó wò mí títí. "Kó má lọ kẹ̀? Ó máa lọ. Mi ò bá kàn ti tètè bẹ̀rẹ̀ àjọ tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni."