Ẹgbẹ́ Oníwàrà: Ohun Tí Abúlé Lè Rí Jẹ Lára Màlúù Méjì

Ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù ni Ọjọ́ Wàrà Àgbáyé, tí àjọ FAO dá sílẹ̀ ní 2001. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kan ẹni tó ní màlúù kan tàbí méjì jù ni 14 oṣù Ọ̀pẹ. Ọjọ́ náà ní 1946 ni wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníwàrà àgbègbè Kaira sílẹ̀ ní ìlú Anand, ní Gujarat, orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ẹgbẹ́ yìí ló bí ilé-iṣẹ́ wàrà Amul.

Wàrà tí a fún láàárọ̀ kì í dúró di alẹ́ nínú ooru. Ẹni tó ní lítà mẹ́ta, tí kò sì ní ẹ̀rọ tí yóò mú un tutù, iyekíye tí oníbàárà bá dá ni yóò gbà. Ní Kaira, ilé-iṣẹ́ Polson ni ìjọba Bombay fún láṣẹ láti máa kó wàrà àdúgbò náà lọ sí Bombay. Àwọn àgbẹ̀ tọ aṣáájú òṣèlú Sardar Vallabhbhai Patel lọ. Ó ní kí wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n máa ta ọjà wọn fúnra wọn. Wọ́n di wàrà mú fún ọjọ́ 15 kí ìjọba tó gbà. Tribhuvandas Patel, aṣáájú ẹgbẹ́ náà, ló ń ti abúlé dé abúlé láti kó wọn jọ. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1948, abúlé díẹ̀ péré ni, wàrà wọn kò sì ju nǹkan bíi lítà 250 lójúmọ́.

Ètò ẹgbẹ́ náà ló dùn mọ́ mi jù. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á gbé wàrà wá, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yẹ ọ̀rá inú rẹ̀ wò lójú ẹni tó ni ín, ọ̀rá yẹn ni wọ́n á sì fi ṣírò owó. Ẹni tó bá bu omi là á, owó rẹ̀ kò ní lé sí i. Ọlọ́pọ̀ màlúù àti opó tó ní ẹfọ̀n kan ṣoṣo, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Bí ọdún bá parí, wọ́n á pín èrè gẹ́gẹ́ bí wàrà tí kálukú gbé wá. Dókítà ẹran tí apá ẹnì kan kò lè ká, apá ẹgbẹ́ ká a.

Ẹgbẹ́ sì lè gba onímọ̀ síṣẹ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ Verghese Kurien dé Anand ní 1949. Ní ìgbà òtútù, wàrà ẹfọ̀n máa ń pọ̀ jù, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sì ń sọ pé kò ṣeé sọ di lẹ́búlẹ́bú. Onímọ̀ wàrà H. M. Dalaya ṣe é, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sì ṣí ní 1955. Láti 1970, ètò Operation Flood gbé àpẹẹrẹ Anand káàkiri Íńdíà. Ní 1998, orílẹ̀-èdè náà borí Amẹ́ríkà nínú pípèsè wàrà.

Nílé wa níbí, ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, àwọn obìnrin Fúlàní ti ń fi omi ewé bomubomu mú wàrà dì kí ó má baà bàjẹ́. Màlúù wọn kì í fún wọn ní wàrà púpọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn tún ń dín in kù. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kò nílò láti dúró de màlúù òyìnbó. Ohun tó nílò ni òṣùwọ̀n kan, ohun èlò tí a fi ń yẹ ọ̀rá wò, ẹ̀rọ amúǹkantutù, àti ìwé owó tí ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè ní kí wọ́n ṣí fún òun.