Sípánà Olóòlù: Bí A Ti Í Yan Ẹ̀rọ Tí Í Tú Nọ́ọ̀tì Ọkọ̀ Tí Ó Le

Gbogbo ẹni tí ń wa ọkọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni ó mọ bí ọ̀nà wa ti rí. Láti Ìjerò dé Aramọkọ, láti Aramọkọ dé Ìtáwúrè, kí a tó gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ níbẹ̀, igbó sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Jẹ́ kí a wí pé táyà jò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àpò kòkó wà lẹ́yìn ọkọ̀, tàbí kí ó jẹ́ aboyún tí ó ń rọbí ni a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Táyà mìíràn wà nílẹ̀, jáàkì wà, sípánà wà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin tú, ìkarùn-ún kọ̀. A tẹ̀ ẹ́, a gun orí sípánà, kò mira. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo yìí ti sọ gbogbo ìyókù di asán.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ra ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó ń pè ní impact wrench. Àwa yóò máa pè é ní sípánà olóòlù, nítorí pé òòlù wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà kan rí, ọwọ́ àwọn fọkanáísà àti mẹkáníìkì nìkan ni a ti ń rí i. Lónìí ẹnikẹ́ni lè rà á lọ sí ilé. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ó yẹ kí a mọ èyí tí ó bá iṣẹ́ wa mu kí a tó ná owó kòkó wa sí i.

1. Ohun tí ó ń mú kí nọ́ọ̀tì le

Nígbà tí a bá ń de nọ́ọ̀tì, bóòtì tí ó wà nínú rẹ̀ a máa nà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí okùn tí a fà le lórí ẹrù. Bí ó ti ń fẹ́ padà sí ipò rẹ̀ ni ó fi ń di ríìmù mú ṣinṣin. Bí a bá dè é ju bí ó ti yẹ lọ, bóòtì náà yóò nà kọjá ààlà, kì yóò sì lè padà mọ́. Ó lè já lọ́jọ́ kan láìròtẹ́lẹ̀. Èyí ni ìdí kìíní: nọ́ọ̀tì tí a ti fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dè ní àdèjù ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kọ̀ láti tú.

Ìdí kejì ni ìpáàrà. Omi òjò àti afẹ́fẹ́ a máa sọ irin di ìpáàrà, ìpáàrà a sì máa gba àyè ju irin tí ó ti inú rẹ̀ wá lọ. Bí ẹ̀wà gbígbẹ tí a dà sínú ìgò tí a sì bu omi sí ti í wú tí ó sì há, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìpáàrà ti í há sí àárín ìlà nọ́ọ̀tì àti ìlà bóòtì. Ọkọ̀ tí ń gba ọ̀nà oko nínú ẹrẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ìgbà ọyẹ́, tí a kò sì tú ẹsẹ̀ rẹ̀ wò rí, kò lè ṣàì ní ìṣòro yìí.

2. Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́

Bí ọkọ́ bá há mọ́ erùkọ́, àgbẹ̀ kì í fi agbára fà á. Gbígbá kékeré léraléra ni ó máa ń gbá a, títí yóò fi yọ. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú sípánà olóòlù. Mọ́tò kékeré kan ń yí òòlù irin kan nínú rẹ̀; òòlù náà ń gbá ọ̀pá tí ó di nọ́ọ̀tì mú, ó ń gbá a ní ìhà ibi tí a fẹ́ kí ó yí sí. Nínú àwọn tí ó ń lo bátìrì, gbígbá yìí lè tó 2,000 tàbí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí pé gbígbá kọ̀ọ̀kan yára púpọ̀, kì í fọn apá ẹni tí ó dì í mú. Ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ sì ń fọ́ ìpáàrà tí ó há sínú ìlà bóòtì.

3. Ǹjẹ́ gbogbo ènìyàn ni ó nílò rẹ̀?

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Newton-mítà ni a fi ń wọn agbára tí ń yí nǹkan; àmì rẹ̀ ni Nm. Bí ẹni tí ó wọn kílò 60 bá fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ orí sípánà tí ó gùn ní ìdajì mítà, agbára tí ó ń lò tó 300 Nm. Ní ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà wí pé kí a de nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín 80 Nm sí 140 Nm. Fún ọ̀pọ̀ Toyota Corolla àti Camry, 103 Nm ni. Nítorí náà ẹni tí ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí kì í tú táyà ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, sípánà gígùn tí ó dára tó o. Kí ó pa owó rẹ̀ mọ́.

Sípánà kan tún wà tí a fi ọwọ́ yí, tí ó ní eyín nínú bíi ti jíà, tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù máa ń gbé kiri. Kò nílò iná, kò nílò bátìrì. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó lágbára púpọ̀. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ ńlá ní oko tí iná kò dé, kí ó ro ti èyí ná.

Àwọn tí sípánà olóòlù yẹ ni àwọn tí ń tú ọkọ̀ nígbà gbogbo: ẹni tí ó ní píkọ́ọ̀pù méjì mẹ́ta tí ń kó ẹrù oko, ẹni tí ń tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe ní ilé, àti àgbàlagbà tàbí obìnrin awakọ̀ tí ara rẹ̀ kò gbà láti gun orí sípánà.

4. Oríṣi mẹ́ta tí ó wà

Èkínní ń lo afẹ́fẹ́. Òun ni ó dára jù fún ilé iṣẹ́ fọkanáísà, ṣùgbọ́n ó nílò ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ àti àgbá ńlá tí a ń fi í pamọ́ sí. Kò yẹ ilé, kò sì yẹ ẹ̀bá ọ̀nà.

Èkejì ní wáyà tí a ń kì bọ iná. Owó rẹ̀ kò pọ̀, agbára rẹ̀ kì í sì í tán. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, àyàfi kí a tan jẹnẹrétọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì dúró sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, kò wúlò. Àwọn kan wà tí a ń kì bọ ibi ìtanná inú ọkọ̀. Iná ibẹ̀ kéré, nítorí náà agbára púpọ̀ nínú wọn kéré pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ń lo bátìrì. Èyí ni a fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ olùkàwé wa, nítorí pé ó ń bá ẹni lọ sí oko àti sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bátìrì tí kò ní iná kò sàn ju òkúta lọ. Kí a kún un kí a tó rin ìrìn àjò. Kí a má sì fi í sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, nítorí ooru ni ó máa ń sọ ọ́ di arúgbó kíákíá.

5. Bí a ti í ka ohun tí a kọ sí ara páálí rẹ̀

Níhìn-ín ni a gbé ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ẹ kíyè sí ohun mẹ́rin wọ̀nyí.

Àkọ́kọ́, iye agbára méjì ni a sábà máa ń kọ: ti dídè àti ti títú. Ti títú a máa tóbi jù, òun ni wọ́n sì ń fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Ẹ wo ti dídè, nítorí òun ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Fún ọkọ̀ kékeré àti píkọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ tí tirẹ̀ wà láàárín 300 Nm sí 500 Nm tó. Èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ wúwo ní ọwọ́, ó wọ́n, ó sì tètè ń já bóòtì.

Èkejì, ẹ wò ó bí Nm ni a kọ tàbí ft-lb. Ft-lb kan tó nǹkan bíi 1.36 Nm. Ẹ̀rọ tí a kọ 300 ft-lb sí lágbára ju èyí tí a kọ 400 Nm sí lọ díẹ̀, bí nọ́ńbà tirẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Ẹ̀kẹta ni fóòtì. Bátìrì tí a kọ 18 sí àti èyí tí a kọ 20 sí, ọ̀kan náà ni wọ́n. 20 ni ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Bí ẹ bá rí àkọlé bíi 88VF tàbí 128VF, ẹ má ṣe rò pé fóòtì ni. Orúkọ ọjà lásán ni. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni Ah, èyí tí ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà ti pọ̀ tó. Èyí tí ó jẹ́ 4 Ah tàbí 5 Ah dára ju 2 Ah lọ fún iṣẹ́ yìí. Bí mọ́tò rẹ̀ bá sì jẹ́ irú èyí tí kò ní kábọ̀nù, yóò pẹ́ jù.

Ẹ̀kẹrin ni orí rẹ̀, níbi tí a ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí. Kí ó jẹ́ onígun mẹ́rin, kí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì íǹsì. Ẹ̀rọ kékeré tí orí rẹ̀ jẹ́ ihò onígun mẹ́fà, tí àwọn káfíńtà fi ń kan sukúrù, kì í ṣe òun. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá sì yàtọ̀: nọ́ọ̀tì tirẹ̀ lè tó mìlímítà 32 tàbí 33, ó sì nílò orí 3/4 íǹsì tàbí íǹsì kan.

6. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ojú wa

Ẹ má ṣe fi sọ́kẹ́ẹ̀tì dídán tí a ń fi ọwọ́ lò sí ẹnu ẹ̀rọ yìí. Irin rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó gan; lábẹ́ òòlù ó lè fọ́, àfọ́kù rẹ̀ a sì fò bí ọta. Dúdú ni èyí tí a ṣe fún un, ara rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ sì ní igun mẹ́fà. Ìwọ̀n 17, 19 àti 21 ni ó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mu. Kí a ra awò tí ń dáàbò bo ojú mọ́ ọn. Kò wọ́n, ojú kò sì ní ààrọ̀.

7. Bí a ti í lò ó

Kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí a fa búréèkì ọwọ́, kí a sì fi òkúta dènà àwọn ẹsẹ̀ ìyókù. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọn ẹrẹ̀ àti ìpáàrà kúrò, kí a wá kán epo tí ń wọ inú ìpáàrà sí i. Kí a dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó bá ti le gan-an, kí ó di ọjọ́ kejì. Epo yìí kò gbọdọ̀ kan búréèkì.

Kí a wò ó bí ẹ̀rọ náà ti dojú kọ ọ̀nà títú, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ de ohun tí ó fẹ́ tú. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan sì wà tí nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ òsì wọn ń tú sí ọwọ́ ọ̀tún. Kí a tú gbogbo nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí a tó fi jáàkì gbé ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá kọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí a dáwọ́ dúró, kí a dè é síwájú díẹ̀, kí a tún tú u. Bí ó bá tún kọ̀, kí a kán epo sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, tàbí kí a pe mẹkáníìkì. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ yìí sún mọ́ púlọ́ọ̀gì tàbí bóòtì tẹ́ẹ́rẹ́ ti ẹ́ńjìnì. Yóò já wọn bí igi ìṣáná.

8. Ọwọ́ ni kí ó parí iṣẹ́ náà

Èyí ni olórí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ̀rọ yìí dára fún títú. Kò mọ ìwọ̀n bí ó bá di ti dídè. Ẹni tí ó bá fi í de nọ́ọ̀tì títí tí kò fi lè yí mọ́ ti na bóòtì ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ti ṣe ìdẹkùn sílẹ̀ de ara rẹ̀ fún ọjọ́ tí táyà yóò jò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sì fi í dè ní ìwọ̀nba, tí ó rò pé ó tó, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè yọ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀kan kò sàn ju èkejì lọ.

Nítorí náà, kí a nu epo kúrò lára bóòtì, kí a fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé títí yóò fi jókòó, kí a sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a fi sípánà tí ń wọn agbára dè é dé iye tí ìwé ọkọ̀ wí. Kí a má ṣe tẹ̀ lé wọn yípo: bí a bá de ọ̀kan, kí a kọjá sí èyí tí ó dojú kọ ọ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn tó kìlómítà 80 tàbí 100, kí a tún yẹ̀ wọ́n wò. Bí ó bá sì jẹ́ fọkanáísà ni ó ń bá wa ṣe é, kí a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ parí rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Nọ́ọ̀tì tí a dè ní ìwọ̀n lónìí ni yóò tú wẹ́rẹ́ ní ọjọ́ ìpọ́njú.