Oúnjẹ Ilẹ̀ àti Àrùn Tí Ń Mú Tòmátì Rọ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, bí tòmátì yín bá sorí kodò ní ọ̀sán, tí ó tún gbérí ní alẹ́, tí ó sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, ẹ má ṣe rò pé òùngbẹ ni, ẹ má sì fura sí aládùúgbò yín. Ẹ gé igi rẹ̀ ní ìdí, kí ẹ ki ojú rẹ̀ bọ inú ife omi mímọ́. Bí ohun funfun bí wàrà bá ń ṣàn jáde tẹ́ẹ́rẹ́, kòkòrò àìfojúrí tí Erwin Smith ará Amẹ́ríkà ṣàlàyé ní 1896 ni. Inú ilẹ̀ ni ó ń gbé. Ojú ọgbẹ́ gbòǹgbò ni ó ń gbà wọlé, a sì dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè.

Kò sí oògùn tí yóò wo èyí tí ó ti ràn sàn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ inú ilẹ̀ lè fún tòmátì ní agbára láti dojú kọ ọ́. Ilẹ̀ yanrìn ni tiwa létí òkun. Òjò a máa fọ kálísíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù rẹ̀ lọ, ilẹ̀ a sì kan. Kálísíọ̀mù ni ó ń mú ara igi le. Àgbẹ̀ púpọ̀, nítorí pé tẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn yúríà, a máa da á sí tòmátì lọ́pọ̀lọpọ̀. Èyí kò dára: ewé yóò pọ̀, ṣùgbọ́n ara igi yóò di ẹlẹgẹ́.

Eérú igi ní kálísíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù nínú, a sì máa dín kíkan ilẹ̀ kù. Ẹ wọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ́ tòmátì sí orí ebè. Eérú kò gbọdọ̀ pàdé yúríà tàbí ìgbẹ́ adìẹ ní ọjọ́ kan náà. Òórùn tí ẹ ó gbọ́ nígbà náà, oúnjẹ ilẹ̀ ni ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, owó yín sì ni.

Níbi tí àrùn ti gbilẹ̀, oúnjẹ nìkan kò tó. Tòmátì, ata àti ikàn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ má ṣe gbìn wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ẹ fi àgbàdo sí àárín. Bí ẹ bá ń ro ìdí tòmátì, ẹ má jẹ́ kí ọkọ́ ya gbòǹgbò. Èyí tí ó bá rọ, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sun ún. Ẹ má ṣe jù ú sí kòtò tí ẹ ti ń pọn omi tí ẹ ń bu rin oko, nítorí omi náà ni yóò gbé kòkòrò dé gbogbo ebè yòókù.