Ṣé O Mọ̀? Sáílẹ́ńsà Tí Jórinjórin Ń Fọwọ́ Ṣe fún Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Àtijọ́ ní Ìlọrin

Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tó ti dàgbà ṣòro láti bá wá sáílẹ́ńsà. Peugeot 504 onílẹ̀kùn méjì ti kúrò ní ilé iṣẹ́ láti 1983, BMW E30 láti 1994, Toyota Celica láti 2006. Ẹni tó ní ọ̀kan nínú wọn ní Ìlọrin lè rin gbogbo ṣọ́ọ̀bù Táíwò Ìsàlẹ̀ já kó má rí èyí tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu. Ọ̀dọ̀ jórinjórin ló máa ń kù sí. Irú sáílẹ́ńsà tí jórinjórin ṣe bẹ́ẹ̀ lè dára gan-an, bí wọ́n bá fi ìwọ̀n ṣe é tí wọn kò fi ojú dá a. Àwọn ohun tó yẹ kí onímọ́tò àti oníṣẹ́ jọ mọ̀ nìyí.

ÌTÀN RẸ̀

Ṣé o mọ̀ pé ọdún kan náà ni ìbọn Maxim dún ní Ìlọrin tí sáílẹ́ńsà sì gba ìwé ẹ̀tọ́? Oṣù Kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbé ìbọn náà wá bá ìlú jà, nígbà tí Sùlémánù wà lórí oyè Ẹ́míà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà fún Milton Reeves àti Marshall Reeves, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti Columbus ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ń dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ẹni tó ṣe ìbọn yẹn ló wá gbógun ti ariwo? Hiram Stevens Maxim ṣe ìbọn rẹ̀ ní 1884, ariwo ìbọn náà sì di í létí nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Hiram Percy Maxim, tó ti bá wọn ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ sáílẹ́ńsà ìbọn ní 1909. Ọgbọ́n kan náà ló tún lò fún ẹ́ńjìnnì.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì Peugeot 504 ti gba ife-ẹ̀yẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà? Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 onílẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnnì V6, gba ìdíje Bandama ní Côte d'Ivoire. Ìdíje náà le débi pé ní 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. Ọ̀nà oníkòtò kì í jẹ́ kí ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ́ láyé, sáílẹ́ńsà sì wà lára ohun tí òkúta ń kọ́kọ́ bà.

INÚ ÀPÓTÍ NÁÀ

Ṣé o mọ̀ pé ariwo ọkọ̀ jẹ́ ìbúgbàù kéékèèké tó ń tẹ̀ léra? Nígbà tí fáàfù bá ṣí, èéfín tó wà nínú sílíńdà ṣì ní agbára, ó sì ń já jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń pa ariwo náà? Èkíní ni páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára, tí wọ́n fi òwú tí iná kì í jó wé, tí wọ́n wá fi irin bò. Òwú náà á gba ohùn mọ́ra, á sọ ọ́ di ooru díẹ̀. Èkejì ni àpótí tó ní yàrá nínú: ohùn á lu ògiri, á padà wá pàdé ara rẹ̀, ìgbì méjèèjì á sì pa ara wọn kú. Òwú mọ ohùn tó ga, tó ń dún ṣoro-ṣoro, í mú. Yàrá ló dára jù fún ohùn tó nípọn. Sáílẹ́ńsà tó dára máa ń lo méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé ìkòkò tí wọ́n ń mọ ní agbo-ilé Dàda, ní Òkèlélé, lè ṣàlàyé iṣẹ́ yìí? Fẹ́ atẹ́gùn kọjá lẹ́nu ìkòkò ọlọ́rùn tóóró, ohùn kan ṣoṣo ni yóò máa dá. Bí ikùn rẹ̀ bá tóbi sí i, ohùn á túbọ̀ rẹlẹ̀. Bí ọrùn rẹ̀ bá fẹ̀ sí i, ohùn á ga. Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ọmọ Jámánì, ló ṣàlàyé òfin náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń so irú ikùn ọlọ́rùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù kí ó lè gbé ohùn kan pàtó mì. Jórinjórin náà lè ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé bí àpótí bá ṣe sanra ju páìpù lọ ni ariwo yóò ṣe dín kù tó? Páìpù íǹṣì méjì tó wọ àpótí róbótó oní-íǹṣì mẹ́rin lè gé nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6.5 kúrò níbi tó bá ti ṣiṣẹ́ jù. Àpótí oní-íǹṣì mẹ́fà á gé 13. Ti íǹṣì mẹ́jọ á gé 18. Bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 bá kúrò, létí ọmọ ènìyàn, ó dà bíi pé ariwo ti dín sí ìdajì.

Ṣé o mọ ìdí tí àpótí kan ṣoṣo fi máa ń hùn nínú ọkọ̀ tí o bá ń lọ ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́? Nínú èéfín tó gbóná tó 400°C, ohùn ń rìn tó mítà 520 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì ohùn tó ń lu ní ìgbà 100 nígbà náà gùn ju mítà márùn-ún lọ, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì ni àpótí gbọ́dọ̀ gùn tó kó tó lè mú un dáadáa. Ìyẹn jẹ́ mítà 1.3, kò sì sí àyè bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Celica. Àpótí sẹ̀ǹtímítà 45 ń ṣiṣẹ́ jù lórí ohùn tó ń lu ní nǹkan bíi 290. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ púpọ̀ ṣe máa ń fi àpótí kejì sí àárín páìpù. Ẹni tó bá gé ti àárín dànù ni yóò máa gbọ́ ìhùn náà.

Ṣé o mọ̀ pé kò dára kí yàrá méjì inú àpótí gùn bákan náà? Ohùn tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gígùn yàrá á kọjá bíi pé kò sí ògiri níbẹ̀. Bí yàrá méjèèjì bá dọ́gba, èyí tó bọ́ lọ́wọ́ àkọ́kọ́ á bọ́ lọ́wọ́ ìkejì. Ṣe ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 20, ṣe èkejì ní 30.

Ṣé o mọ iye ihò tó yẹ kó wà lára páìpù inú? Páìpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 50 nílò nǹkan bíi ihò 70, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà mẹ́fà, kí àpapọ̀ wọn tó lè tó ẹnu páìpù náà. Jù bẹ́ẹ̀ lọ dára. Dírìlì ni kí wọ́n fi lu ú. Iná wẹ́dà máa ń fi ìdàrọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ihò, èéfín á sì máa ta kókó níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé fóòmù àti aṣọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀? Wọ́n á jó. Òwú òkúta ló gba ooru jù. Òwú gíláàsì náà dára, pàápàá bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi irin tín-ín-rín tó rí bí òwú wé páìpù, kí èéfín má baà máa fa òwú gíláàsì náà jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ariwo kọ́ ni agbára? Páìpù tó fẹ̀ jù ń mú kí èéfín máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọkọ̀ á sì wúwo nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Fún ẹ́ńjìnnì lítà méjì onísílíńdà mẹ́rin tí kò ní tọ́bò, páìpù íǹṣì méjì sí íǹṣì méjì àti ìdá mẹ́rin ti tó. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ni kí èéfín rí ọ̀nà jáde kíá, láìsí ibi tó ti fún un lọ́rùn.

LỌ́WỌ́ JÓRINJÓRIN

Ṣé o mọ̀ pé páànù tí wọ́n fi síǹkì bò lè dá ibà sí oníṣẹ́ lára? Síǹkì ń hó ní 907°C, bẹ́ẹ̀ irin kì í yọ́ títí yóò fi sún mọ́ 1,500°C. Kí irin tó yọ́, síǹkì ti di èéfín funfun. Ẹni tó bá fà á símú lè máa gbọ̀n, kí ara rẹ̀ gbóná, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Mílíìkì tí ọ̀pọ̀ jórinjórin ń mu kò lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró. Irin dúdú tí kò ní síǹkì ni kí wọ́n lò, níbi tí atẹ́gùn wà.

Ṣé o mọ̀ pé gáàsì tó ń jáde lára káábáìdì àti omi lè bú láìsí iná? Friedrich Wöhler, ọmọ Jámánì, ló ṣàwárí ọ̀nà tí gáàsì náà ń gbà jáde lára káábáìdì ní 1862. Gáàsì náà ni acetylene. Bí wọ́n bá há a mọ́ títí agbára rẹ̀ fi pọ̀ jù, ó lè bú fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tó kéré máa dá ṣe àgbá káábáìdì.

Ṣé o mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n tú okùn bátìrì kí wọ́n tó fi iná mànàmáná jó irin lára ọkọ̀? Iná náà lè gba ara ọkọ̀ kọjá, kó ba ọ̀tànátọ̀ (alternator) jẹ́, àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì bí ọkọ̀ náà bá ní i.

Ṣé o mọ̀ pé páìpù ń gùn sí i tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́? Páìpù irin mítà mẹ́ta tí ooru rẹ̀ bá fi 300°C lé sí i yóò fi nǹkan bíi mílímítà 11 gùn sí i. Bí wọ́n bá jó o mọ́ abẹ́ ọkọ̀ gan-gan, ibì kan á sán. Rọ́bà ni wọ́n fi ń gbé e kọ́, kó lè ráyè nà.

Ṣé o mọ̀ pé omi ló ń pa sáílẹ́ńsà láti inú? Lítà bẹntiróò kan tó bá jó tán ń di omi tó sún mọ́ lítà kan, yàtọ̀ sí èéfín. Bí ọkọ̀ bá ń rìn jìnnà, ooru á gbẹ omi náà. Bí kò bá ju láti ilé dé ọjà lọ, omi á dúró sínú àpótí, irin á dógùn-ún. Ihò kékeré kan, mílímítà mẹ́ta, ní ibi tó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ àpótí, ń jẹ́ kó máa kán dànù.

Ṣé o mọ̀ pé mágínẹ́ẹ̀tì kò tó láti fi mọ irin tí kì í dógùn-ún? Harry Brearley ṣe irú irin bẹ́ẹ̀ ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1913. Kíróómù inú rẹ̀ kì í dín sí 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú irú tí wọ́n ń pè ní 304, ṣùgbọ́n ó ń mú 409, èyí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ púpọ̀ fi ń ṣe páìpù èéfín. Má ju 409 dànù nítorí mágínẹ́ẹ̀tì.

Ṣé o mọ̀ pé àpótí tó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì lè máà jẹ́ sáílẹ́ńsà? Nínú àwọn ọkọ̀ tí kò dàgbà púpọ̀, asẹ́ èéfín ni, platinum, palladium àti rhodium ló sì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra irin àlòkù fi ń wá a kiri. Má tà á láti fi ra irin sáílẹ́ńsà, nítorí òun ló ń pa oró inú èéfín.

ÌLERA ÀTI ÒFIN

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí wọn kò jó pọ̀ dáadáa lè pa ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀? Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí atẹ́gùn tí à ń mí ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tó ju 200 lọ. Fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó nígbà tí irin ṣì tutù, kí ẹnì kan fi aṣọ díẹ̀ dí ẹnu páìpù bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ní ìta gbangba. Ibi tó bá ń hó, kí wọ́n tún un jó. Kí ẹnu páìpù yọ kúrò lábẹ́ ọkọ̀ pátápátá.

Ṣé o mọ̀ pé òfin wà lórí ariwo ní Nàìjíríà? NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ti ní ìlànà lórí ariwo láti 2009, èéfín àpọ̀jù sì wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń mú awakọ̀ fún.

Ṣé o mọ̀ pé etí tí ariwo bá bà jẹ́ kì í sàn padà? Irun tín-ín-tín inú etí tó ń gbọ́ ohùn kì í hù mọ́ bó bá kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé ó ju bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn lọ tí etí wọn kò gbọ́ran dáadáa. Àwọn ògbóǹtarìgì ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ ni ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin láti àárọ̀ dalẹ́ nílò ohun ìdíwọ́ etí bó ṣe nílò awò ojú.

Ṣé o mọ̀ pé o lè wọn iṣẹ́ náà kí o tó sanwó? Ìlànà àgbáyé, ISO 5130, ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí ìdajì mítà sí ẹnu páìpù, kó dagun ní ìwọ̀n 45, kí ọkọ̀ dúró lójú kan. Ètò orí fóònù kò péye tó ẹ̀rọ gidi, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ ìyàtọ̀ láàárín àpótí àtijọ́ àti tuntun, bí o bá wọn méjèèjì níbì kan náà, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí bákan náà. Kí ọ̀gá jórinjórin kọ iye ihò, gígùn yàrá àti ohun tí fóònù kà sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ṣe èyí tó tún dára ju ti ọ̀gá lọ, Ìlọrin kò sì ní máa dúró de ọkọ̀ ojú omi kó tó rí sáílẹ́ńsà tó dára.