Bí Èèyàn Ṣe Lè Jẹun Yó ní Brazil Láìjẹ Ẹran, Láìjẹ Fúláwà

 

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló bi wá ní ìbéèrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti padà wá sí Èkó láyé àtijọ́. Owó ọkọ̀ òfuurufú ti pé. Oúnjẹ ló kù tó ń kó ìyá lọ́kàn sókè. Ọmọ náà kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin, mílíìkì tàbí oyin, dókítà sì tún ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan fúláwà mọ́ láyé. Ìyá ní, "Ṣé ebi ò ní pa á délé báyìí?"

Ìdáhùn wa ni pé ebi ò ní pa á, bó bá ti mọ oúnjẹ tó yẹ kó wá, tó mọ ohun tó máa ń fara pamọ́ sínú ìkòkò, tó sì mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ.

KÍ NI FÚLÁWÀ ṢE?

Ẹ má rò pé àṣejù ni o. Nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì, ohun kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní gluten. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà bíi rọ́bà. Àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé bí gluten bá ti dé inú wọn, ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìfun jà, oúnjẹ tí wọ́n jẹ ò sì ní ṣe wọ́n lóore mọ́. Celiac ni wọ́n ń pe àìsàn yìí. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó. Kí èèyàn yàgò fún gluten títí ayé ni ìtọ́jú rẹ̀. Èérún búrẹ́dì díẹ̀ péré tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Nítorí náà, "Jẹ díẹ̀ níbẹ̀, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

OÚNJẸ TÓ BÁ WA TAN

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, àgbàdo, iṣu àti ìrẹsì ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ará Bahia ń jẹ. Kò sí gluten nínú ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀gẹ́ yìí ní orúkọ mẹ́ta: aipim ni wọ́n ń pè é ní Bahia, macaxeira ni ní Pernambuco, mandioca sì ni ní São Paulo. Wọ́n ń sè é, wọ́n ń dín in, wọ́n sì ń fi sítáàṣì rẹ̀ ṣe tapioca, èyí tí wọ́n ń yan pẹlẹbẹ lórí páànù, tí wọ́n ń fi àgbọn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí láàárín. Ẹ ṣáà sọ pé kí wọ́n má fi wàràkàṣì tàbí mílíìkì dídùn inú agolo sí i. Cuscuz ti apá ibẹ̀ náà, àgbàdo ni, ooru omi ni wọ́n fi ń sè é. Kí wọ́n má sáà fi bọ́tà sí i lórí.

Bí ó bá bọ́ sí àkókò Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ óò rí ẹ̀wà tí wọ́n fi oje àgbọn sè. Ẹ̀yin ará Pópó Àgùdà ò ní béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, frejon yín náà ni.

ÀKÀRÀ ÀTI OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Acarajé tí wọ́n ń tà ní òpópónà Salvador, àkàrà wa ni. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá ilẹ̀ náà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ bíi tiwa, ẹgbẹ́ náà ni wọ́n sì fi jà nígbà tí wọ́n fẹ́ dí wọn lọ́wọ́ títa ọjà ní pápá ìṣeré ìlú náà ṣáájú Ife Àgbáyé 2014, wọ́n sì borí.

Àkàrà náà ò ní wàhálà. Ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ló ni wàhálà. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á fi vatapá sí i. Búrẹ́dì tàbí fúláwà, edé, ẹ̀pà, kajú àti oje àgbọn ló ń jẹ́ vatapá. Wọ́n á tún fi caruru sí i, ìyẹn ilá tí wọ́n fi edé gbígbẹ sè. Wọ́n á wá da edé sí i lórí. Ata dídín pàápàá lè ní edé nínú. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àkàrà lásán pẹ̀lú tòmátì. Ẹ má sì sọ pé mọ́ínmọ́ín kúkú ni abará tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n: edé ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn.

ILÉ OÚNJẸ ÀTI ILÉ ÌTAJÀ

Ilé oúnjẹ a quilo wà níbi gbogbo. Ẹ óò bu ohun tó wù yín, wọ́n á gbé abọ́ yín sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ lẹ óò san owó fún. Ẹ tètè dé bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn, kí ṣíbí inú ọbẹ̀ kan tó wọ inú òmíràn. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀wà, torí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹran gbígbẹ wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá epo tí wọ́n fi dín ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi dín coxinha, torí fúláwà ni coxinha. Pão de queijo ò ní fúláwà, ṣùgbọ́n wàràkàṣì àti ẹyin wà nínú rẹ̀.

Ní ilé ìtajà, òfin wà lẹ́yìn yín. Láti 2003, ó di dandan kí wọ́n kọ ọ́ sára gbogbo oúnjẹ inú páálí, ọ̀rá tàbí agolo bóyá gluten wà níbẹ̀. CONTÉM GLÚTEN, ó wà níbẹ̀. NÃO CONTÉM GLÚTEN, kò sí níbẹ̀. Ìlànà mìíràn tó jáde ní 2015 ní kí wọ́n kọ mílíìkì, ẹyin, ẹja àti edé síwájú ọ̀rọ̀ náà ALÉRGICOS. Ẹ kà á tán kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀RỌ̀ TÓ YẸ KÍ Ẹ KỌ́

Abèèrè kì í ṣìnà. Bí ẹ bá ní ẹ ò jẹ carne, ọ̀pọ̀ wọn á rò pé ẹran màlúù nìkan lẹ ń wí, wọ́n á sì gbé adìẹ wá. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún wọn: Não como carne, frango, peixe, camarão, ovo, leite nem queijo. Farinha nìkan náà ò tó, torí gàrí ni farinha de mandioca, fúláwà sì ni farinha de trigo. Ẹ sọ pé: Não posso comer trigo. Obìnrin tó ní àìsàn náà á fi kún un pé: Sou celíaca. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa fi han alásè.

LÓJÚ Ọ̀NÀ ÀTI NÍLÉ OLÓRE

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í gbà ju irú oúnjẹ pàtàkì kan ṣoṣo lọ: ti aláìjẹran ni o, tàbí ti aláìjẹ-gluten. Bí ẹ bá mú ọ̀kan, èkejì lè bọ́. Ẹ gbé tiyín dání. Bọ́ọ̀sì láti Salvador dé São Paulo ń gbà ju wákàtí 30 lọ, coxinha àti búrẹ́dì ló sì pọ̀ níbi tó ń dúró sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà, kajú àti ẹ̀gẹ́ sísè á gbé yín dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ.

Ní oṣù September, wọ́n máa ń se caruru Ìbejì káàkiri Salvador. Àwọn ọmọdé méje ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí àgbà tó jẹ. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ má kọ̀, ẹ má sì bú oúnjẹ onílé. Ẹ ti sọ fún un kí ọjọ́ náà tó pé. Gúgúrú, ìrèké, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ní kí ó bu tiyín sọ́tọ̀ kí ṣíbí caruru tó kàn án. Onílé tó mọ̀ pé àìsàn ni, kò ní bínú.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tó fi ọdún púpọ̀ ṣẹ́ owó ìrìn-àjò kù, kò yẹ kó lọ fi ìdajì ọjọ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì. Ọlọ́run á mú wa lọ, á mú wa bọ̀ o.